ARIWO, SÀKÁÁNÍ Ọ̀RỌ̀ ÀTI ẸNU ELÉDÈ MÉJÌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ìwà rere ni òwe yìí kọ́kọ́ ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ó tún kan iṣẹ́ tí ẹnu àti etí jọ ń ṣe. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu tán. Apá kan ni ẹnu máa ń gbé. Etí tí ó mọ èdè náà dunjú ni í gbé apá kejì. Bí ibi tí wọ́n wà bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí àwọn méjèèjì sì ti ń sọ èdè náà láti kékeré, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yìí máa ń rọrùn débi pé kò sí ẹni tí í kíyè sí i. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá bọ́ sí àárín wọn ńkọ́? Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ ẹni tí ó kọ́ èdè náà mọ́ èdè abínibí rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbé ẹrù tí ó já sílẹ̀?

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìbéèrè yìí ti wà níwájú àwọn onímọ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí yóò di olùkọ́, pàápàá olùkọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ tí ń fi èdè kan sọ̀rọ̀ nílé, tí wọ́n sì ń fi òmíràn kàwé. Nínú ìtàn náà, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdẹkùn fún àwọn tí ń purọ́ pé adití ni àwọn ni ó padà di ẹ̀rí pé gbèsè kan wà tí ẹnu jẹ etí.

Ìdẹkùn oníṣègùn Párísì

Étienne Lombard jẹ́ oníṣègùn etí àti ọ̀nà ọ̀fun ní ilé ìwòsàn Lariboisière ní ìlú Párísì. Ní àkókò rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí Robert Bárány, oníṣègùn ìlú Fiénà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914, gbé jáde. Ariwo ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá fi í sí etí kan, yóò máa pariwo sínú rẹ̀ kíkankíkan, kí oníṣègùn lè yẹ etí kejì wò láìjẹ́ pé etí àkọ́kọ́ ń bá a gbọ́. Lombard fi ẹ̀rọ yìí sí etí àwọn aláìsàn bí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ṣàkíyèsí pé gbàrà tí ariwo náà bá bẹ̀rẹ̀ ni ohùn aláìsàn ń ròkè. Bí ariwo bá sì dáwọ́ dúró, ohùn náà á padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ti gbé ohùn sókè. Ní ọdún 1911 ni Lombard tẹ àkíyèsí yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn etí ní ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe àmì náà.

Kí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìmọ̀ yìí ṣe? Wọ́n fi mú òpùrọ́ ni. Bí ẹnìkan bá díbọ́n pé òun jẹ́ adití, bóyá nítorí owó gbà-má-bínú tàbí nítorí àtibọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ológun, wọn yóò fi ẹ̀rọ aláriwo sí i létí, wọn yóò sì ní kí ó máa kàwé sókè. Adití tòótọ́ kò ní gbọ́ ariwo kankan, nítorí náà ohùn rẹ̀ kò ní yí padà. Ohùn ẹni tí ń díbọ́n yóò ròkè láìjẹ́ pé ó mọ̀, àṣírí rẹ̀ yóò sì tú. Ọgbọ́n náà wúlò fún oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn ènìyàn máa wo ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wà láàárín ẹnu ènìyàn àti etí ara rẹ̀ nìkan: ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa ń gbé e sókè kí ó lè gbọ́ ọ. Nínú àlàyé yìí, kò sí ẹnì kejì.

Ní ọdún 1971, Harlan Lane àti Bernard Tranel, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, kó iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ṣe lórí àmì Lombard jọ, wọ́n sì tún un gbé yẹ̀ wò. Èrò tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí kí asọ̀rọ̀ lè gbọ́ ara rẹ̀ ni ohùn ṣe ń ròkè jù. Nítorí kí ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ ni. Ẹni tí ó kàn ń ka ọ̀rọ̀ lásán nínú ariwo kì í gbé ohùn sókè tó ẹni tí ó ní iṣẹ́ láti jẹ́ fún olùgbọ́. Báyìí ni olùgbọ́ ṣe wọ inú ìtàn náà, tí kò sì jáde mọ́.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn lo ẹ̀rọ láti wọn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí pípè nínú ariwo. Nínú iṣẹ́ tí W. Van Summers, David Pisoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 1988, ó hàn gbangba pé kì í ṣe agbára ohùn nìkan ni ó ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ń gùn sí i lẹ́nu, ohùn sì ń lọ sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá fa okùn ìlù. Wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ariwo àti irú rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, wọ́n sọ agbára méjèèjì di ọgbọọgba, wọ́n sì fi ariwo kan náà bò wọ́n. Èyí tí wọ́n sọ nínú ariwo ni ó yé àwọn olùgbọ́ jù. Èyí fi hàn pé pípè tí ariwo bá fà ní àǹfààní tí ó ń ṣe fún etí, yàtọ̀ sí pé ó dún kíkan.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ariwo ń gbé ohùn sókè lè wá béèrè nípa èdè Yorùbá, èdè tí ó ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Bí igbá, igbà, ìgbà, igba àti ìgbá bá bọ́ sínú ariwo ọjà, ṣé ìtumọ̀ wọn kò ní dàrú? Gbígbé ohùn sókè nìkan kò lè dà wọ́n rú, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ní ibùdó kan pàtó tí ó jẹ́ dandan kí wọ́n dé. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè baba rẹ̀ lọ, síbẹ̀ baba náà kò ní ṣi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ gbọ́. Bí ohùn kan ti rí sí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni etí ń wò. Nítorí náà, ẹni tí ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná láàárín èrò lè gbé gbogbo gbólóhùn rẹ̀ gun òkè àjà, ẹ̀kọ tí ó ń polówó kò ní torí bẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ ti ń retí

Ariwo jẹ́ apá kan nínú ìtàn yìí. Apá kejì ni ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifóònù ni ìmọ̀ yìí ti gbilẹ̀. Claude Shannon, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1948 lórí bí ènìyàn ṣe lè wọn ìròyìn tí ó wà nínú ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ohun tí olùgbọ́ bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kò fi nǹkan púpọ̀ kún ìmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1951 ó tún tẹ òmíràn jáde. Nínú rẹ̀, ó ní kí ènìyàn máa méfò lẹ́tà tí ó kàn nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bò mọ́ ọn lójú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà ni ẹni náà mọ̀ láìrí wọn. Èdè, bí Shannon ti fi hàn, ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kí èyí tí ó bá sọnù lójú ọ̀nà má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ní ọdún 1951 yìí kan náà, George Miller, George Heise àti William Lichten gbé ọ̀rọ̀ sínú ariwo, wọ́n sì ní kí àwọn olùgbọ́ sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú gbólóhùn rọrùn láti gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan náà tí ó dá dúró lọ. Bákan náà, bí iye ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ lè retí bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe rọrùn fún un tó láti mọ èyí tí wọ́n pè. Sàkáání ọ̀rọ̀ ń ṣe iṣẹ́ fìtílà: ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ariwo bá mú kí ó ṣókùnkùn.

Títí di ìgbà yìí, etí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Philip Lieberman ni ó yí ojú ìbéèrè náà sí ẹnu, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí mẹ́sàn-án. Ó gba ohùn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìparí òwe Gẹ̀ẹ́sì kan tí tọmọdé tàgbà wọn mọ̀, ó sì tún gbà á sílẹ̀ nínú gbólóhùn tí kò sí ohun tí ó lè fi han olùgbọ́ pé nọ́ńbà báyìí ni ó ń bọ̀. Ó wá gé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú méjèèjì, ó sì ní kí àwọn ènìyàn tẹ́tí sí i lóun nìkan. Èyí tí ó ti inú òwe jáde kò yé wọn tó èkejì. Asọ̀rọ̀ ti gbójú lé òwe náà. Ó ti fi í sílẹ̀ fún òwe láti sọ ohun tí ẹnu òun kò pè tán.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò níláti lọ jìnnà kí ó tó rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni olùgbọ́ ń retí ní òwúrọ̀ ju ìkíni lọ? Ìkíni náà ni ẹnu sì ń gé kúrú jù: ẹ kú àárọ̀ di ẹ káàárọ̀, ẹ kú alẹ́ di ẹ káalẹ́, ẹ kú ilé di ẹ kúulé. Kí ni ó dé di kí ló dé. Òtítọ́ di òótọ́, agogo di aago, egungun di eegun, àkìtàn di ààtàn. Àwọn onímọ̀ gírámà mọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí dáadáa. Ìpajẹ, àrànmọ́ àti ìsúnkì wà lára orúkọ tí wọ́n fún wọn. Òfin ìró ni ó ń darí wọn, kì í ṣe ìfojúsọ́nà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipa tí olùgbọ́ ń kó níbẹ̀, kí ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí olùgbọ́ bá ní, "Kí lo wí?" Lójú ẹsẹ̀ ni asọ̀rọ̀ yóò tún un pè, tí yóò sì dá gbogbo ìró tí ó ti jẹ padà sí ipò wọn. Ẹnu mọ odindi. Ààbọ̀ ni ó rò pé yóò tó.

Björn Lindblom, onímọ̀ ìró èdè ní ilẹ̀ Súwídìn, ni ó so gbogbo èyí pọ̀ ní ọdún 1990. Ó ní agbára méjì ni ó ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnu ń wá ìrọ̀rùn. Etí ń wá ohun tí ó lè fi ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí sàkáání ọ̀rọ̀ bá ti la ọ̀nà fún etí, ẹnu á dẹ́rù ara rẹ̀ fúyẹ́. Bí ariwo bá dí ọ̀nà, ẹnu á tún ẹrù náà gbé. Ohun tí Lombard rí ní 1911 àti ohun tí Lieberman rí ní 1963 wá di apá méjì nínú ìwà kan ṣoṣo: asọ̀rọ̀ ń díwọ̀n ohun tí olùgbọ́ nílò, ó sì ń pè é tó bí ó ṣe rò pé ó tó.

Ohun tí àwọn onílù ti mọ̀

Kí àwọn onímọ̀ tẹlifóònù tó wọn ọ̀rọ̀ wò, àwọn onílù ilẹ̀ Aláwọ̀-dúdú ti ń fi ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Dùndún lè sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pe fáwẹ́lì tàbí kọ́ńsónáǹtì. Ilé, ọkọ́ àti igbá dún bákan náà lójú awọ; ẹsẹ̀, ọkọ̀ àti igbà náà dún bákan náà. Bí onílù bá lu ọ̀kan nínú wọn ní òun nìkan, kò sí olùgbọ́ tí yóò mọ èyí tí ó wí. Nítorí náà, onílù kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń lo oríkì, òwe àti àwọn gbólóhùn tí etí ará ìlú ti mọ́, kí èyí tí wọ́n mọ̀ lè tọ́ka sí èyí tí wọn kò gbọ́.

John Carrington, míṣọ́nnárì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, rí ohun kan náà láàárín àwọn Lokele, tí ìlù onígi wọn ní ohùn méjì péré. Ó ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1949 pé bí onílù bá fẹ́ dárúkọ òṣùpá, kò ní dárúkọ rẹ̀ lásán, nítorí pé orúkọ adìẹ tàbí ẹja kan lè dún bẹ́ẹ̀. Yóò fi gbólóhùn gígùn tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ òṣùpá ni. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè pè é ní àsọtúnsọ, ṣùgbọ́n ìró tí ó sọnù ni ó ń rọ́pò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kí ènìyàn gbàgbé. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àlejò tí kò mọ òwe náà kò ní rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú rẹ̀. Sàkáání ọ̀rọ̀ a máa ran ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ìlẹ̀kùn títì ni fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan elédè méjì.

Èdè méjì nínú orí kan

Ní ọdún 1953, Uriel Weinreich, ẹni tí wọ́n bí ní ìlú Wilno, tí èdè Yiddish jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí èdè méjì ṣe ń kan ara wọn nínú ẹni kan. Ó fi hàn pé ìlànà ìró èdè kìíní máa ń wọ inú pípè èdè kejì. Kò sí Yorùbá tí kò rí irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onísílébù kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó di búrẹ́dì onísílébù mẹ́ta àti síléètì onísílébù mẹ́rin, nítorí pé Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. James Flege wá ṣàlàyé ní ọdún 1995 pé ìró èdè méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan ni; ìró èdè kejì tí ó bá jọ ti èdè kìíní púpọ̀ ni ó sì ṣòro jù láti dá mọ̀ yàtọ̀.

Kí ni ariwo ń ṣe sí irú etí bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1955, George Miller àti Patricia Nicely yẹ kọ́ńsónáǹtì mẹ́rìndínlógún èdè Gẹ̀ẹ́sì wò nínú ariwo. Wọ́n rí i pé ariwo kì í tètè pa ìránmúpè tàbí ìkùnyùn kọ́ńsónáǹtì rẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń pa ibi ìsẹ́nupè rẹ́, ìyẹn ohun tí ó ya p, t àti k sọ́tọ̀ síra wọn. Wàyí o, kọ́ńsónáǹtì ìparí nìkan ni ó ya cap, tí í ṣe fìlà, sọ́tọ̀ kúrò lára cat, tí í ṣe ológbò. Ọmọ Yorùbá tí èdè rẹ̀ kò fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀ rí gbọ́dọ̀ kọ́ etí rẹ̀ láti máa ṣọ́ ibi tí kò ṣọ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ariwo ti kọ́kọ́ ń jí nǹkan gbé.

Ní ọdún 1997, Lynn Mayo, Mary Florentine àti Søren Buus fi àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n gbọ́ èdè Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí. Àwọn kan ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn mìíràn kọ́ ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ lè fara da ariwo ju àwọn tí ó pẹ́ lọ, wọ́n sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà láti inú sàkáání ọ̀rọ̀ jù wọ́n lọ. Ìrora tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó nílò fìtílà jù ni fìtílà náà kò tàn fún tó.

Ẹnu elédè méjì náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú ìwádìí tí Rachel Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, wọ́n wọn bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gùn tó lẹ́nu ará Amẹ́ríkà méjìlá, ogún ará Kòríà àti ogún ará Ṣáínà. Gbogbo wọn ni ó ń gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀kejì àti ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ kúrú. Èyí fi hàn pé ọgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò fi ẹnu sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ èdè àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò kò gé àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ aláìní-ìtumọ̀-kíkún tó bí ará Amẹ́ríkà ti ń gé wọn. Àwọn onímọ̀ ti kọ ohun tí ó jọ èyí nípa Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà: asọ̀rọ̀ ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, níbi tí onílé-èdè ti ń gbé ọ̀kan mì láti tẹ òmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní àṣìṣe. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn yìí dé ibí yóò lọ́ra kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gé ọ̀rọ̀ kúrú kò gbé ẹrù kankan ka etí lórí.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Ìwádìí kan ṣẹ́ kù tí ó kan yàrá ìkàwé tààrà. Ann Bradlow àti Jennifer Alexander tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sínú ariwo. Nínú àwọn gbólóhùn kan, olùgbọ́ lè fi ìbẹ̀rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí yóò parí rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe àwọn kan ketekete, wọ́n sì pe àwọn yòókù wọ́ọ́rọ́wọ́. Fún onílé-èdè, èyíkéyìí nínú méjèèjì tó: bí pípè bá mọ́, ó gbọ́, bí sàkáání bá tọ́ka sí ọ̀rọ̀, ó gbọ́. Fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún, sàkáání ọ̀rọ̀ kò ràn án lọ́wọ́ àfi bí pípè bá mọ́ gaara. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kí ènìyàn tó lè fi ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mọ ìparí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fi èyí wo kíláàsì rẹ̀. Òrùlé páànù wà lórí, òjò ń rọ̀. Kíláàsì kejì ń ka ìsirò ní àkàsókè lẹ́yìn ògiri tí kò kan àjà. Ọkọ̀ ń fun fèrè ní títì. Olùkọ́ béèrè ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kan ní ẹ̀yìn dákẹ́. Kíá ni wọ́n á ti pè é ní olódo tàbí ọmọ tí kì í fetí sílẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ aláriwo wá òpùrọ́ ni ìdájọ́ yìí rí: ẹ̀bi ẹni tí ó dákẹ́ nìkan ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń san ìlọ́po owó orí kan ṣoṣo: ariwo jẹ ìró tí ó yẹ kí ó gbọ́, èdè tí kò tíì mọ̀ dunjú kò sì jẹ́ kí ó lè fi ìfojúsọ́nà dí àlàfo náà. Ọmọ kan náà, bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè yẹn ní Yorùbá nínú òjò kan náà, lè dáhùn kí olùkọ́ tó sọ ọ́ tán.

Àwọn àgbà olùkọ́ kan ti dán irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Ariwo kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ dá ètò náà sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí ó ti mọ kókó ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí rẹ̀ ní ohun tí ó lè fi retí ọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ní èdè mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni ó ní àṣẹ láti yan èdè tí yóò fi kọ́ni, kò sì sí olùkọ́ tí ó lè dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò kéré. Ó lè dúró di ìgbà tí ariwo bá rọlẹ̀ kí ó tó pe ọ̀rọ̀ tuntun. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, kí ojú lè ran etí lọ́wọ́. Ó lè kọjú sí àwọn ọmọ dípò kí ó máa bá pátákó sọ̀rọ̀, nítorí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ó lè pe ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán, kí ó sì kọ́kọ́ ṣe àlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ òní dá lé. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ọmọ kan bá dákẹ́, ó lè tún ìbéèrè náà bi í ketekete kí ó tó fún un ní máàkì òdo. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ọmọlúwàbí tí ó mọ èdè. Ọmọ tí ó ṣì ń kọ́ ọ lẹ́tọ̀ọ́ sí odindi.